Ara wa kì í ṣe ẹ̀kú: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ní ìbò nínú àjọ Oscar

Ẹ̀yin àgbà òṣèré, olùdarí, olóòtú àti oníṣẹ́ fíìmù,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àṣeyọrí. Orúkọ yín tó wà nínú ìwé àjọ tó ń fúnni ní Oscar ní Los Angeles jẹ́ ìwúrí fún gbogbo àwa tí a ń ṣeré nílé. Ìbò tí ẹ ní níbẹ̀ ló mú mi kọ̀wé sí yín ní gbangba, ní èdè tí a jọ gbọ́, kí àwọn ará ilé lè bá wa dá sí i.

Àfín ni mí. Òṣèré orí ìtàgé sì ni mí, ní Ìbàdàn. Irú fíìmù kan tó máa ń wọ àjọ yín lára ni mo bá wá: fíìmù nípa ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀, tí ilé kò gbà á, tó wá bọ́ sínú àgọ́ ìwòran. Àgọ́ ìwòran ni mo ń pe àgọ́ tí wọ́n ń kó kiri láti ìlú dé ìlú ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láyé àtijọ́. Èèyàn á sanwó lẹ́nu ọ̀nà, á wọlé lọ wo abuké, aràrá, àfín, obìnrin onírùngbọ̀n, ìbejì tí ara wọn lẹ̀ pọ̀. Àwọn àgọ́ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣíwọ́ fíìmù nípa wọn.

Ohun tó bí mi nínú rèé. Nínú fíìmù A Different Man, tó jáde ní 2024, ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀ tí ojú wọn kò rí bíi ti gbogbo èèyàn. Sebastian Stan ni ọ̀kan. Rọ́bà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Adam Pearson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èkejì. Àìsàn tó máa ń mú kí kókó hù lára iṣan ló mú un láti kékeré, ojú tirẹ̀ gan-an ló sì gbé wọnú fíìmù náà, láìsí àtíkè kankan. Mo yin àwọn tó ṣe fíìmù náà, wọ́n wá a, wọ́n sì fún un ní ipò gidi. Ẹ̀yin ńkọ́? Nígbà tí àjọ yín kéde àwọn tó wọ ìdíje ní oṣù kìíní 2025, ẹ̀bùn kan ṣoṣo lẹ dárúkọ fíìmù náà fún, ti méékọ́ọ̀pù sì ni. Ẹ rí rọ́bà, ẹ ò rí ojú.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ̀bùn méékọ́ọ̀pù yẹn gan-an, orí ẹni tó ti gbé inú àgọ́ ìwòran rí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Joseph Merrick ni ẹni náà. Leicester ni wọ́n bí i sí ní 1862. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá fẹ́ ìyàwó mìíràn, ilé kò wá gba ọmọ mọ́. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wé sìgá títí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi tóbi ju iṣẹ́ náà lọ. Ó kiri ọjà, àwọn èèyàn ń sá fún un, àwọn mìíràn ń wọ́ tẹ̀ lé e torí kí wọ́n lè wò ó. Ní ìparí ọdún 1879, ọmọ ọdún 17, ó wọ ilé tí ìjọba ń kó àwọn òtòṣì sí, ó sì lo bí ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Nígbà tó sú u, òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí ọkùnrin kan tó ń ṣe agbo eré, pé kí wọ́n wá fi òun hàn fáyé kí òun lè rí owó jẹun. Ó ń tọ́jú owó rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti ní ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́wọ́ kí ọ̀gá tó ń gbé e kiri Yúróòpù ní 1886 tó jí i kó, tó sì fi í sílẹ̀ ní Brussels.

Ní 1980 David Lynch ṣe The Elephant Man nípa rẹ̀. John Hurt ló ṣe Merrick, ó sì ṣe é débi tí omijé bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù náà, John ni wọ́n ń pè é. Joseph ló ń jẹ́. Nínú fíìmù náà, ọ̀gá ọ̀mùtí kan ń lù ú bí ẹran. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú kálámù, tó wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀ torí pé ilé òtòṣì burú ju àgọ́ lọ, kò sí níbẹ̀. Àti rọ́bà tí wọ́n fi bo ojú Hurt: lẹ́yìn tí Merrick kú ní 1890, ilé ìwòsàn tó kú sí ní London fi símẹ́ńtì funfun yọ ẹ̀dà orí àti ara rẹ̀. Ara ẹ̀dà yẹn ni wọ́n ti wọn rọ́bà náà. Wọ́n rán ẹ̀kú láti ara òkú, wọ́n gbé e wọ ẹlòmíràn.

Fíìmù náà wọ ìdíje mẹ́jọ ní Oscar, kò gba ọ̀kankan. Inú bí àwọn èèyàn pé kò sí ẹ̀bùn fún iṣẹ́ àtíkè tó tó báyẹn. Àjọ yín gbọ́ ẹ̀hónú wọn: ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀bùn méékọ́ọ̀pù di ti ọdọọdún. Àjọ tó lè tètè gbọ́ tí wọ́n bá pariwo nítorí rọ́bà, ó yẹ kó gbọ́ tiwa náà.

2. Ìgbà kan wà tí Hollywood pe àwọn tó ni ara, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Ní 1932, ilé iṣẹ́ MGM ṣe fíìmù Freaks, àwọn òṣèré inú àgọ́ ìwòran gan-an ni wọ́n kó wá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ráhùn pé àwọn kò lè bá wọn jẹun ní yàrá kan. Ni wọ́n bá pa àgọ́ sí ìta fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti máa jẹun. Àgọ́ ni wọ́n ti wá, àgọ́ náà ni wọ́n tún dá wọn padà sí. Nígbà tí fíìmù náà jáde, wọ́n gé e kù díẹ̀ lé ní wákàtí kan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi òfin dè é fún bí ọgbọ̀n ọdún.

Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, fíìmù olórin kan jáde nípa P. T. Barnum, ọ̀gá àwọn alágọ̀ọ́. Orin inú rẹ̀ tí obìnrin onírùngbọ̀n kọ wọ ìdíje Oscar. Rùngbọ̀n àlẹ̀mọ́ ni. Joice Heth kò sí nínú fíìmù náà rárá. Ta ni Joice Heth? Ìyá arúgbó aláwọ̀ dúdú, ẹrú, afọ́jú, tí kò lè rìn, tí Barnum fi bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ ní 1835. Ó ní ọmọ ọdún 161 ni. Nígbà tí ìyá náà kú ní ọdún kejì, Barnum ta tíkẹ́ẹ̀tì kí àwọn èèyàn lè wá wo bí wọ́n ṣe ń la òkú rẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti George àti Willie Muse, torí ọ̀rọ̀ wọn kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, láti Truevine ní Virginia, níbi tí wọ́n ti ń gbin tábà. Àfín ni àwọn méjèèjì. Wọ́n kéré nígbà tí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágọ̀ọ́, inú àgọ́ ni wọ́n sì ti di ọ̀dọ́, inú àgọ́ ni wọ́n ti di àgbà. Wọ́n sọ fún wọn pé ìyá wọn ti kú. Wọn kò san nǹkan kan fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n má gé irun, kó lè ta kókó, kó lè jọ ti ẹ̀dá mìíràn. Lọ́jọ́ kan wọ́n á ní láti Ecuador ni wọ́n ti wá, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ní láti Mars, pé inú ọkọ̀ òfurufú tó fọ́ sí aṣálẹ̀ ni wọ́n ti rí wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni Eko àti Iko. Mi ò sọ pé ó tan mọ́ Èkó tiwa. Àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, tí mo rí àfín méjì nínú fọ́tò àti "Eko" lábẹ́ rẹ̀, mo pa ìwé dé, mo jáde lọ gba atẹ́gùn.

Wọ́n mọ orin ín lù, wọ́n mọ gìtá àti mandolin. Ní oṣù kẹwàá 1927, sákọ́ọ̀sì Ringling dé Roanoke. Harriett Muse, ìyá wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn aláwọ̀ funfun, gbọ́ pé àwọn ọmọ òun lè wà níbẹ̀. Ó lọ. Ó kọjá láàrin èrò, àwọn ọmọ náà sì rí i láti orí pèpéle. Ní Virginia ìgbà yẹn, obìnrin dúdú tí kò ní nǹkan kan kojú àwọn ọ̀gá sákọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá, ó ní òun kò kúrò níbẹ̀ láìmú àwọn ọmọ òun. Ó mú wọn lọ sílé lóòótọ́. Ó gbé sákọ́ọ̀sì náà lọ sí kóòtù. Nígbà tí George àti Willie padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1928, ìwé àdéhùn wà, owó wà, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Willie kú ní 2001, ó pé ọmọ ọdún 108.

Ọjọ́ kan á jọ́kan, ẹnì kan á gbé ìtàn yìí sínú fíìmù, á sì dé iwájú yín. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ láti ìsinsìnyí pé a ò ní gbà kí wọ́n fi àtíkè kun ẹnì kan kí ó lè di Willie. Ojú wa kì í ríran jìnnà, ó sì máa ń jó fúnra rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì. Ní 2006 wọ́n gbé fíìmù kan jáde tí apànìyàn inú rẹ̀ jẹ́ àfín. Paul Bettany ló ṣe é, wọ́n kùn ún lẹ́fun, ó ń wa ọkọ̀ lóru, ó ń yìnbọn bí ọdẹ. Àfín tó bá rí irú rẹ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sí àfín kankan nítòsí níbi tí wọ́n ti ya á.

Àwọn kan á sọ pé àfín kò lè dúró sóòrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń lo ẹlòmíràn. Agboòrùn wà. Fìlà wà, ìpara wà, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ wà. Ẹni tó lè fi wákàtí mẹ́rin lẹ rọ́bà mọ́ èèyàn lójú lè ṣí agboòrùn.

4. Mi ò sọ pé ọwọ́ àwọn bàbá wa mọ́.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀: nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ààfin kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè kò fẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Ẹnì kan rán abuké, ẹnì kan rán adẹ́tẹ̀, ẹnì kan rán aràrá, ẹnì kan rán arọ. Alápìn-ínni ló rán àfín. Wọ́n ní kí wọ́n lọ sórí òkè lóru, kí wọ́n gbé iná dání, kí wọ́n máa ké bí iwin pé, "Kò sí àyè! Kò sí àyè!" Wọ́n mọ̀ pé ẹni òrìṣà la pè wọ́n, èèyàn ń bẹ̀rù wọn. Àwọn ọdẹ ọba ló mú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọba náà ní Ọba M'ọ́rọ̀. Ìwé sọ orúkọ oyè àwọn tó rán wọn. Kò sọ orúkọ àwọn tí wọ́n rán. Mo ti ń wá orúkọ àfín yẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé kà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, olóòtú kan nílé níbí ń wá ẹni tí yóò ṣe ọmọkùnrin àfín kan tó sá nílé tẹ̀ lé ẹgbẹ́ onídán kiri. Mo lọ sí odíṣọ̀n. Lẹ́tà kékeré kì í hàn sí mi, nítorí náà mo ti há gbogbo ìwé náà sórí, tèmi àti ti àwọn yòókù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n pè mí pé iṣẹ́ ti wà. Mo dé ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó, wọ́n ti ń kùn ún lẹ́fun láti orí dé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ mi ni pé kí n kọ́ ọ bí àfín ṣe ń wòran: bí a ṣe ń sún ìwé mọ́ ojú, bí a ṣe ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú lè dúró díẹ̀. Ó gbìyànjú láti mú ojú rẹ̀ jó títí orí fi ń fọ́ ọ. Èèyàn dáadáa ni, kò sí ìjà láàrin wa. Owó ọkọ̀ ni wọ́n fún mi. Orúkọ mi kò sí lẹ́yìn fíìmù náà. Ìyá mi wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n nílé, ó pè mí, ó ní, "Wá wo ọmọ yìí, ó ń wòran bí ìwọ gẹ́lẹ́." Mi ò lè dá a lóhùn.

Ní gbogbo ìgbà tí mo wà níléèwé, wọ́n ń pariwo tẹ̀ lé mi pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Mo ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó dùn mí bí ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ẹlòmíràn ní ojú mi.

5. Òfin yín ní ihò. Láti orí Oscar ọdún 2024, fíìmù tó bá fẹ́ gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ gbọ́dọ̀ ṣe méjì nínú ìlànà mẹ́rin tí àjọ fi lélẹ̀ kí àwọn tí wọ́n ti tì sẹ́yìn lè ráyè. Àwa àkàndá wà lára àwọn tí òfin náà dárúkọ. Ẹ ka ìlànà àkọ́kọ́ dáadáa. Ọ̀nà mẹ́ta ni fíìmù lè gbà mú un ṣẹ, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí ìtàn fíìmù dá lórí àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ìtàn nìkan ti tó. Ìyẹn ni pé ẹnì kan lè ṣe fíìmù nípa ọmọ abuké nínú àgọ́ ìwòran, kí ó di tìmùtìmù mọ́ ẹ̀yìn ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún, kí ó má pe abuké kan ṣoṣo, kí wọ́n sì sàmì sí i pé ó ti pa ìlànà yẹn mọ́ nítorí tiwa.

Kì í ṣe pé àkàndá kò mọ eré ṣe. Harold Russell, tí kò ní ọwọ́ méjèèjì, gba Oscar ní 1947. Marlee Matlin, adití, gbà á ní 1987 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 21. Troy Kotsur, adití, gbà á ní 2022. Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin ọdún wọ̀nyẹn.

6. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Ní oṣù kejì 2024 ni àjọ yín kéde pé òun yóò máa fúnni ní ẹ̀bùn fún iṣẹ́ ṣíṣàyàn òṣèré, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn fíìmù ọdún 2025. Nígbà tí ìwé ìdìbò ẹ̀bùn yìí bá dé ọwọ́ yín, tí fíìmù nípa ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ sì wà nínú rẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè kan: àwọn wo ni wọ́n pè sí odíṣọ̀n? Tí wọn kò bá pe ẹnì kan nínú wa, ẹ má dìbò fún un.

Ẹ gbé àtúnṣe ìlànà àkọ́kọ́ yẹn lọ síwájú àjọ láti inú ẹ̀ka tí kálukú yín wà. Kí ìtàn nìkan má tó mọ́. Fíìmù tó bá fi ara wa ṣe ìtàn, kí ó fi wá sí iwájú kámẹ́rà.

Ẹni tó bá wá kọ́ òṣèré ní bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń ríran, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn fíìmù, kí owó rẹ̀ sì ju owó ọkọ̀ lọ. Èyí kò nílò ìbò kankan. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olóòtú lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín báyìí.

Tí ẹ bá sì wálé, tí àwọn olóòtú ilé bá kó jọ sọ́dọ̀ yín fún ìmọ̀ràn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn ní ojú wa. Wọ́n á gbọ́ tiyín ju tiwa lọ.

Ní ti pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí wa, a wà ní Ìbàdàn, a wà ní Èkó, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta. Mo mọ àfín mẹ́ta, aràrá méjì àti abuké kan tí wọ́n ń ṣeré orí ìtàgé, àgbà wọn ti ń ṣe é kí n tó mọ̀ pé eré wà. A ti há ìwé sórí. Ẹ pè wá sí odíṣọ̀n.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Òṣèré kan, àfín, láti Ìbàdàn